Ibùsùn Ọmọdé Tí Wistin Kò Tà

Għasri, Gozo
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta, ọdún 2016

Filippa ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí Neville ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Èmi ń bẹ, ojú nìkan ni kò jẹ́ kí n sọ pé mo wà dáadáa. Dókítà ní àwọ̀ funfun kan ló ń bo ẹyinjú mi, pé iṣẹ́ abẹ ni, kí n máa retí ìgbà tí yóò kàn mí. Etí ti lọ tipẹ́, ìwọ náà mọ̀ pé tẹlifóònù kò wúlò fún mi mọ́. Ġorġa aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ èyí, òun náà ló ń kígbe ka tìrẹ sí mi létí. Bí o bá rí àṣìkọ, òun ni kí o bú. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn sílẹ̀, mo ní dandan ni kó kọ ọ́.

Tòmátò tí mo sá gbẹ dè ọ́ lọ́dún tó kọjá, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ti ọdún tó ṣáájú ìyẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ọdún keje rèé tí ẹsẹ̀ rẹ ti tẹ ilé yìí kẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn níta bó ṣe máa ń wà, kò sí ẹni tó ń yí i àfi Ġorġa. Gbogbo ọdún lo máa ń sọ pé ó di àjọ̀dún Santa Marija tó ń bọ̀. Àjọ̀dún mélòó ni yóò bọ̀ kí o tó bá a bọ̀?

Mo sọ ọ́ lójú rẹ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, mo tún ń sọ ọ́: ìwọ náà ti ń di Zi Wistin. Àbúrò ìyá mi ni, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Australia ní 1951, ó kọ lẹ́tà díẹ̀, ó sì gbàgbé wa. Ìyá mi retí rẹ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí à ń pè lẹ́yìn àdúrà rósárì, kò sì pe orúkọ náà mọ́ títí tó fi kú. Ẹni tó bá ti lọ sí Australia, ó lọ nìyẹn.

Wá wò mí kí àwọ̀ yìí tó bo ojú mi tán, kí èmi náà lè wò ọ́.

Ìyá rẹ,
Stella

*

St Albans, Melbourne
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2016

Màmá mi,

Ẹ kúulé o. Ẹ kú ìnira ojú, Ọlọ́run yóò mú un rọrùn. Neville ń kí yín. Ara wa le. Ẹ bá mi kí Ġorġa, ẹ sọ fún un pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Màmá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màmá onímàmá ni mò ń fún lóúnjẹ láràárọ̀. Mò ń ya irun wọn, mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Bí mo bá ṣe tán, mo máa ń jókòó sínú mọ́tò mi fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè wà á. Ta ló ń ya irun tiyín? Mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò dẹwọ́, nǹkan pọ̀ nílẹ̀, ẹ bá mi fi sùúrù díẹ̀ kún un.

Ohun tí n kò lè gbà mọ́ ni Zi Wistin. Láti kékeré lẹ ti ń fi orúkọ ọkùnrin yẹn nà mí. Bí mo bá pẹ́ lójú ọ̀nà, Zi Wistin. Bí mo bá gbàgbé aṣọ lórí okùn, Zi Wistin. Nítorí náà mo ṣe ohun kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ní ìsinmi, mo lọ sí ilé-ìkàwé ńlá tó wà láàárín ìgboro, mo forúkọ sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá, n kò wọ ibẹ̀ rí, mo rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ni ín. Ọ̀fẹ́ ni! Kí èèyàn ṣáà ti máa gbé ìpínlẹ̀ yìí. Ìwé iná mànàmáná tí àdírẹ́sì mi wà lára rẹ̀ ni mo fi hàn wọ́n, wọ́n sì fún mi ní káàdì tó ní nọ́ńbà. Doreen tó jókòó sídìí tábìlì ní bí mo bá ti tẹ nọ́ńbà náà sórí kọ̀ǹpútà, mo lè wà nínú ilé mi kí n máa ka ìwé ìròyìn àtijọ́ lójúewé lójúewé: ìpolówó bàtà, ìkéde òkú, ọ̀rọ̀ kóòtù. Ó ní ohun tí àwọn ará ibí fi ń wá ìtàn ìdílé wọn nìyẹn. Mo ní ọkùnrin kan wà tí èmi náà ń wá, tó ti ń bà mí lórúkọ jẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Bó bá gbàgbé yín lóòótọ́, n ó rí i. Bí kò bá sì gbàgbé, ẹ̀yin náà á wá nǹkan mìíràn fi nà mí. Ẹ jọ̀ọ́, àdúgbò wo ló ti máa ń kọ̀wé? Iṣẹ́ kí ló ń ṣe?

Ọmọ yín,
Filippa

*

Għasri
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Filippa,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le.

Èmi ò mọ àdúgbò kankan. Èmi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ìwọ tí o kò ráyè wá wo alààyè, báwo lo ṣe wá ráyè òkú? Fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níbi tó bá wà. Dá káàdì wọn padà fún wọn.

Stella

Filippa, èmi Ġorġa ni mo ń kọ ìsàlẹ̀ yìí, ìyá rẹ kò mọ̀. N kò mọ ohun tí mo kà tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka ti ìwé ìròyìn yẹn fún un ni kò ti jẹun gidi, ó kàn ń wo ògiri. Bóyá ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló rántí. Mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi pé èbúté Port Melbourne ni Wistin ti ń ja ẹrù. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o.

*

St Albans
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Neville ń kí yín. Ẹ má bínú pé mo ṣàìgbọràn. Ẹ jókòó dáadáa kí Ġorġa tó máa ka èyí lọ.

Mo rí i, Màmá.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń wá orúkọ rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Doreen ló ní kí n pa orúkọ tì, kí n wá erékùṣù wa àti èbúté náà pọ̀. Mo wá a láti 1951 dé 1957, òfo. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn, àwọn tó ní káàdì nìkan ló lè rí wọn. Ní ojúewé kẹjọ ìwé ìròyìn kan, nínú oṣù Kẹfà 1958, lábẹ́ ìpolówó ẹ̀wù òtútù, ohun tí wọ́n kọ rèé. Mo yí i sí èdè wa fún yín, Wistin ni wọ́n ń pè ní Augustine níbí:

“KÒ SÍ ẸBÍ TÓ YỌJÚ. Kóòtù tó ń wádìí ikú òjijì gbọ́ lánàá pé Augustine Refalo, ẹni ọdún méjìdínlógójì, òṣìṣẹ́ èbúté, ọmọ erékùṣù Gozo, kú sínú yàrá tó háyà ní Port Melbourne. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó mọ̀. Dókítà ní òtútù àyà ló pa á. Onílé rẹ̀, Ìyáàfin Tibbett, sọ pé jẹ́jẹ́ ló máa ń lọ, kì í mutí. Ó ní odidi ilé kan ló kọ́kọ́ háyà lójú pópó náà ní 1954, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀. Wọn kò dé. Nígbà tó fi ilé sílẹ̀ wá sínú yàrá kan ṣoṣo, ó gbé ibùsùn ọmọdé kan wá, ibùsùn náà sì gba ìdajì yàrá. Ìyáàfin Tibbett ní, ‘Mo sọ fún un títí pé kó tà á. Ó ní wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀.’ Ọlọ́pàá kò rí ẹbí kankan. Ẹgbẹ́ ìjọ ló sin ín.”

Màmá, ọmọ tó ni ibùsùn yẹn, ẹ̀yin ni.

Kò gbàgbé wa. Gbogbo ọdún tí à ń bú u yìí, kò gbàgbé wa! Ojú ń tì mí nítorí gbogbo ìgbà tí èmi náà fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ̀wé sí i pé ẹ ń bọ̀? Ìyá Àgbà kò mọ̀wé. Ṣé Fádà ló ń bá wọn kọ lẹ́tà nígbà náà? Ẹ gbìyànjú kí ẹ rántí.

Filippa yín

*

St Albans
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Keje

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, n kò rí èsì. Mo tẹ Ġorġa láago, ó ní ara yín le, pé ẹ ń kọ nǹkan, pé ẹ kò sì jẹ́ kí òun wọlé. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ti sọ ohun tí kò yẹ, ẹ dárí jì mí. Ẹ ṣáà kọ nǹkan, ì báà jẹ́ èébú.

Filippa

*

Għasri
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Filippa ọmọ mi,

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ èyí. Awò tí ń mú nǹkan tóbi wà lọ́wọ́ mi kan, gègé wà ní ìkejì. Ìlà mẹ́ta ni mò ń kọ lóòjọ́ kí omi tó dà lójú mi. Má bínú sí ìkọ̀wé mi.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, Ġorġa ń kà á fún mi. Ó dé ibì kan, ó mí, ó wá ní, “Filippa ní òun ò tíì rí nǹkan kan, pé òun ń kí wa.”

Mo ní, “Ġorġa, o fo ibì kan.”

Ó ní, “Èmi kẹ̀? Ìyá Stella, n ò fo nǹkan kan o.”

Mo ní, “O mí láàárín ìlà. Ẹni tó ń ka lẹ́tà fún ẹlòmíì kì í mí níbẹ̀, àfi bó bá ń wá ibi tó máa fò sí. Kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn tó mi ní gbogbo abúlé yìí.”

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nítorí yín ni mo ṣe ṣe é.” Ẹkún ló fi sọ ọ́. Àánú mi ló ṣe é, ó sì fẹ́ràn mi. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kà á tán.

Kì í ṣe Fádà ló ń kọ lẹ́tà fún ìyá mi. Èmi ni.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi nìkan ló mọ̀wé nínú ilé, èmi ni alálẹ́tà máa ń fi lẹ́tà lé lọ́wọ́. Wistin kọ̀wé ní 1954 pé òun ti ríṣẹ́, òun ti rílé, kí ìyá mi, tó ti di opó, máa mú èmi bọ̀, kí a ṣáà ti dá òun lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ìyá mi máa lọ. O sì mọ̀ pé òkun ló mú bàbá mi lọ, a kò rí òkú rẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé bí a bá lọ, ìyá mi máa yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá wá padà dé ńkọ́? Yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju ìyẹn lọ. Mo wo ojú ìyá mi, mo mí, mo ní, “Wistin ní ara òun le, ṣùgbọ́n kò síṣẹ́ níbẹ̀.”

Ìyá mi ní kí n kọ èsì. Ó sọ ohun tí n ó kọ, n kò kọ ọ́. Bí mo bá kọ pé a kò ní wá, ó lè bọ̀ fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wá, àṣírí á tú. Mo wá kọ ọ́ pé, “A ń bọ̀. Dúró dè wá.” Mo rò pé yóò dákẹ́.

Kò dákẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin ló tún kọ. Mo gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́nà, mo kì wọ́n sáàárín òkúta ògiri oko wa, òjò sì jẹ wọ́n tán níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí lẹ́tà mọ́. Inú mi dùn, Filippa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn fún ọdún márùn-ún, ó ń retí alálẹ́tà. Mo rí i lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rósárì, èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí eékún. N kò sọ̀rọ̀. Ó kú ní 1989, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, n kò sọ̀rọ̀. Èmi náà sì wá ń pariwo kiri pé Wistin gbàgbé wa, nítorí bí ẹnì kan kò bá jẹ̀bi, èmi ni n ó jẹ̀bi. Mo fi nà ọ́ títí o fi dàgbà.

Mo ṣebí ó ti rí ìyàwó, ó ti bímọ, ó ti di olówó níbẹ̀, pé kò rántí wa. Ohun tí mo fi ń tan ara mi nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, ibùsùn mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí o kò bá kọ̀wé mọ́, n kò ní bi ọ́ léèrè.

Stella

*

St Albans
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Santa Marija

Màmá,

Ẹ kú ọdún o.

Mo bínú sí yín. Mo kọ ọ́ síwájú kí n má baà fò ó. Mo ka lẹ́tà yín, mo jù ú sórí tábìlì, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi wò ó. Kì í ṣe nítorí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ta ni yóò bínú sí ọmọ tó ń retí bàbá rẹ̀? Nítorí àgbàlagbà tó dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀ bá ti sọ fún un, Màmá. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún un lórí ibùsùn ikú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé àbúrò òun fẹ́ràn òun.

Lọ́jọ́ kẹwàá, mo lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ibi tó sùn sí. Kò sí òkúta, kò sí àgbélébùú. Koríko ni. Mo dúró níbẹ̀, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹnu mi wúwo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò lẹ́nu láti fi bá yín wí.

Màmá, Neville kò kí yín. Ó ti kó jáde kúrò nílé yìí láti ọdún 2012. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ọ́ pé ó ń kí yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wálé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà, nítorí mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò máa bi mí pé ọkọ mi dà. Mo jẹ́ kí ẹ máa jókòó sínú ilé yẹn nìkan, ojú yín ń lọ, etí yín ń lọ, nítorí ìtìjú lásán. Èmi náà ń mí láàárín ìlà.

Mo fẹ́ gbé òkúta kan sí orí rẹ̀. Kí ni kí wọ́n kọ sí i?

Filippa

*

Għasri
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án

Filippa ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìwọ nìkan ni mo kí lọ́tẹ̀ yìí. Ġorġa ló ń kọ ọ́, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní kí n má sunkún mọ́, òun náà sì ń sunkún sórí ìwé.

Bí o ṣe bínú yẹn, o jàre. Má tètè dẹ́kun nítorí mi.

Ti Neville, mo ti mọ̀ tipẹ́. Ọkùnrin tó ń kíni bákan náà fún ọdún mẹ́rin, tí kò béèrè ojú, tí kò béèrè etí, ṣé ọkùnrin nìyẹn? Mo ṣebí bí mo bá dákẹ́, wàá sọ ọ́ fúnra rẹ. Ìdákẹ́jẹ́ ni àìsàn ìdílé wa. Ẹni tó bá fẹ́ bi ọ́ pé ọkọ rẹ dà, jẹ́ kó wá bi mí, kó sì pariwo, nítorí n kì í gbọ́ràn.

Láti alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé ni mo ti ń pe orúkọ Wistin lẹ́yìn rósárì. Ẹnu mi kọ́kọ́ ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sórí òkúta, àti orúkọ abúlé yìí. Ó tó. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé e, lọ dúró níbẹ̀ kí o kà á létí ohun tí ìyá mi ní kí n kọ sí i ní 1954, tí n kò kọ. N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Rọra kà á, má fo nǹkan kan:

“Wistin, àbúrò mi. Stella ní o kọ ọ́ pé kò síṣẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá síṣẹ́, máa bọ̀ nílé. Búrẹ́dì tó tó èèyàn méjì máa tó èèyàn mẹ́ta. Má tijú pé o kò kó nǹkan kan bọ̀. Mi ò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Marjanna.”

Bí o bá kà á fún un tán, Filippa, tún un kà fún ara rẹ.

Ìyá rẹ,
Stella